Iṣẹ́ Méjì Tí Wọ́n Rán Àwẹ̀ró

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ta ni kò tí ì gbọ́ òwe yìí rí? Ìyá rẹ ti pa á fún ọ lọ́jọ́ tí ẹnì kan fi ìbínú rán ọ sí aládùúgbò. Ọ̀gá rẹ ti pa á fún ọ níbi iṣẹ́. Ìwọ náà ti pa á fún àbúrò rẹ, o sì ṣe ojú bí ẹni pé ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ó dáa. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè wàyí: ta ni ẹrú náà? Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán an? O dákẹ́. Mo kúkú mọ̀ pé wàá dákẹ́. Iṣu la mọ̀ ọ́n jẹ, a kì í bèèrè ebè tó ti hù. Fìdí mọ́lẹ̀, kí n sọ ọ́ fún ọ.

Ó ti pẹ́ gan-an. Nígbà náà, òṣùpá méjì ló wà lójú ọ̀run, ńlá àti kékeré. Kékeré ló fọ́. Ohun tó fọ́ ọ, n kò mọ̀, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀, irọ́ ló ń pa fún ọ. Àfọ́kù rẹ̀ já, ó rì wọ inú ilẹ̀ oko káàkiri. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ hú u jáde ni wọ́n tó rí ìwà tó ní: bí o bá jù ú sílẹ̀, òkè ló ń já sí, kò sì ní padà wá mọ́.

Àwọn ìdílé kan gbọ́n. Wọ́n ṣa àfọ́kù òṣùpá jọ, wọ́n tò ó sábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé wọn, ilé sì gbéra nílẹ̀. Wọ́n bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n bá wọn fi okùn so ilé mọ́lẹ̀ kó má baà bá afẹ́fẹ́ lọ. Aládùúgbò so ó. Ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ o. Nígbà tó di ìran kejì, ó di àṣà. Nígbà tó di ìran kẹta, àwọn tó wà lókè ti ń jẹ́ Olókè, àwọn tó ń so okùn ti di ẹrú-ilẹ̀, ìdajì ìkórè wọn sì ti di ti Olókè. Ilé kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọmọ kan sílẹ̀ tí yóò gòkè lọ sìn. Báyìí ni ayé ṣe máa ń yí mọ́ ẹni tó bá ti bá ènìyàn di nǹkan mú.

Abẹ́òjìji ni orúkọ ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé abẹ́ òjìji ilé Olókè Adégòróyè ló wà. Okùn méje ló di ilé náà mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó itan ọkùnrin, èèkàn igi àyan méje ni wọ́n sì so wọ́n mọ́. Òjò a máa jẹ okùn, oòrùn náà a máa jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé lọ́dọọdún, gbogbo ìlú á jáde, wọ́n á bó èèpo igi, wọ́n á gé ìtàkùn, wọ́n á sì lọ́ okùn tuntun. Iṣẹ́ àjogúnbá wọn ni. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti mọ okùn ún lọ́ bí i tiwọn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àwẹ̀ró nígbà tí apẹ̀rẹ̀ tí Olókè fi ń fa èèyàn gòkè gbé e lọ. Lọ́jọ́ tó dé ibẹ̀, wọ́n ní kó fi ọwọ́ bo ẹnu, kó sì wí i lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ẹnu mi kì í ṣe tèmi." Gbogbo ọmọ tó bá gòkè ló ń búra bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí Olókè bá wí ni ìránṣẹ́ ń wí, kò gbọdọ̀ yọ, kò sì gbọdọ̀ fi kún un. Ẹni tó bá yí i padà, àwọn èèyàn rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Àwẹ̀ró mọ iṣẹ́ jẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Bí o bá rán an ní ọ̀rọ̀ tó gùn láti ibí dé ẹnu odò, bí o ṣe wí i ni yóò wí i, títí kan ibi tí o ti húkọ́. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún, òun ni ẹnu Olókè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á. Ìyàwó Olókè kú síbi ìkúnlẹ̀, ọmọbìnrin tó bí kò sì kú. Àwẹ̀ró gbé ọmọ náà lọ́jọ́ náà, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Adétutù ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mò ń wí yìí, síbẹ̀ kì í jẹ ẹ̀kọ àyàfi bí Àwẹ̀ró bá fẹ́ ẹ tutù fún un, kì í sì í sùn àyàfi bó bá di etí Àwẹ̀ró mú. Ọmọ náà ti bà jẹ́ pátápátá, kí n má purọ́. Ìfẹ́ ló bà á jẹ́.

Wo ohun tí Adégòróyè ṣe. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ó ní ilé òun kéré, ó fi yàrá mẹ́wàá kún un. Òjìji ilé bá fẹ̀ sí i, ó bo gbogbo oko iṣu Abẹ́òjìji. Ọdún kìíní, iṣu wọn kò ju apá ọmọdé lọ. Ọdún kejì, kò ju ìka. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn tú okùn kí àwọn sún ilé náà sórí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ohunkóhun kì í hù. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ kò dùn. Ẹ gbọ́ o! Atẹ́gùn kò dùn!

Ní ọdún kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò sí ẹni tó lọ́ okùn. Olórí àwọn alókùn, Ọdẹ́jìmí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ló kọ́kọ́ ju èèpo igi nù. Ó ní, "Ẹni tí kò jẹ́ kí iṣu wa rí oòrùn, okùn wa kò gbọdọ̀ di ilé rẹ̀ mú." Okùn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ọ̀kan já, èkejì já. Ilé Olókè fì sí apá kan, àwo sì ń yọ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí èkejì já, Adégòróyè pe Àwẹ̀ró. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò tí ì sùn. Ó na ọ̀pá bàbà kan sí i, tí àfọ́kù òṣùpá wà lórí rẹ̀, ó ń tàn yòò. Àwẹ̀ró kò rí ọ̀pá náà rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì gbà á.

"Lọ bá àwọn gìrìpá irin," Olókè wí. "Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n wọ Abẹ́òjìji. Kí wọ́n pa gbogbo àgbà tó ń lọ́ okùn. Kí wọ́n dá àwọn ọmọdé sí, àwọn ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Wí i kí n gbọ́."

Àwẹ̀ró wí i. Kò yọ, kò fi kún un. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n.

"Ó dáa," ni Olókè wí. "Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ nìyẹn."

Kí o mọ̀ pé ogójì ni àwọn gìrìpá irin náà. Àwọn baba ńlá àwọn Olókè ló rọ wọ́n, kò sì sí ẹni tó wà láyé tó tún mọ bí wọ́n ṣe rọ wọ́n. Oòrùn ni oúnjẹ wọn. Wọ́n jókòó sínú ihò àpáta lẹ́yìn ìlú, tí oòrùn ń ta wọ̀, láti ayé bàbá Adégòróyè, wọn kì í dìde àyàfi bí ìránṣẹ́ bá gbé ọ̀pá àṣẹ wá tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ọwọ́ Olókè nìkan ló ń tan iná náà, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, ó ti kú nìyẹn. Olókè kò sì lè lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí èèwọ̀ wọn ni pé ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n gbà pé bó bá kàn án, wọ́n á kú. Ogójì ọmọ ogun irin, ẹnu ẹrú kan ló so wọ́n mọ́ ọ̀gá wọn, kò sì sí Olókè kan tó ronú rí pé ẹrú ní ẹnu.

Bí Àwẹ̀ró ṣe fẹ́ wọ apẹ̀rẹ̀, Adétutù sáré wá, ó di ìró rẹ̀ mú.

"Ṣé wàá pẹ́?"

"Mi ò ní pẹ́."

"Ilé ń mì, Àwẹ̀ró mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀, àyànfẹ́ mi. Lọ gbá òpó yàrá wa mọ́ra, kí o má fi í sílẹ̀ kí n tó dé. Kò síbi tí màá lọ tí mi ò ní padà sọ́dọ̀ rẹ." Ó fi ẹnu ko ọmọ náà lórí, ó fi ọ̀pá pamọ́ sínú ìró, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ọdẹ́jìmí wà nídìí èèkàn, ó ń pọ́n àáké. Ó ti rù. Ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ máa ń kún ẹnu ọ̀nà! Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i. Ọdẹ́jìmí fà á dìde, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀sán gangan ni," ó wí. "Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, a óò gé okùn márùn-ún tó kù. Kí ojú ọ̀run gbé wọn lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn wà níbẹ̀."

"Àwa ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni wá?" Ó ju òkúta ìpọ́nàáké sílẹ̀. "Ìgè kú, Àwẹ̀ró. Ọmọ mi. Ebi ló pa á. Ìgbà ọyẹ́ ni, wọn ò jẹ́ kí o gbọ́. Ọjọ́ tí mo sin ín, mo gbójú sókè, orin ni mò ń gbọ́ nínú ilé yẹn."

Àwẹ̀ró kò mọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ìròyìn òkú ìsàlẹ̀ gòkè, bí ìránṣẹ́ bá sì sọ̀kalẹ̀, kò gbọdọ̀ yà sílé èèyàn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé orí, ó sì sunkún ọmọ tí kò fojú rí rí. Ọdẹ́jìmí dúró tì í, ó ń mú ẹkún tirẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́jìmí bá a nu ojú. "Gbọ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ rèé. Padà gòkè báyìí. Sọ fún Olókè pé a ti túúbá, pé à ń lọ́ okùn. Kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà kí o sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ìwọ àti àwọn ọmọ wa tó ń sìn níbẹ̀. Ẹ má mú ẹnikẹ́ni dání."

"Adétutù ńkọ́?"

"Ọmọ wọn ni."

"Èmi ni mo tọ́ ọ."

Ọdẹ́jìmí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìgè náà, ẹnì kan ló tọ́ ọ," ó wí.

Àwẹ̀ró ní Olókè rán òun níṣẹ́ kan sẹ́yìn ìlú, pé kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ọdẹ́jìmí ní kó yára, pé oòrùn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó lọ. Nígbà tó dé ẹnu ihò àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ó jókòó sórí òkúta. Bí òun bá jẹ́ iṣẹ́ Olókè, ẹ̀gbọ́n òun kú, àti gbogbo àgbà tó gbé òun jó nígbà tí òun wà ní kékeré. Bí òun bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun, ọmọ tó ń gbá òpó mọ́ra lókè yẹn yóò máa lọ sókè, sókè, títí a kò fi ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí òun bá sì jókòó síbí tí òun kò jẹ́ iṣẹ́ kankan, ọ̀sán kò ní ṣàì pọ́n. Ọ̀rọ̀ náà di ẹtu jọ̀bọ̀. Ó wo oòrùn, kò kù púpọ̀ kó dé àtàrí.

Ìyá rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn. Ìyá náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ṣé ìyá a máa kú tán? Nígbà tí Àwẹ̀ró wà ní ọmọ ọdún méje, inú bí ìyá rẹ̀ sí aládùúgbò wọn nítorí ewúrẹ́. Ó ní, "Lọ sọ fún ìyá Kúyẹ̀ pé bí ewúrẹ́ burúkú yẹn bá tún wọ ilé mi, màá sè é jẹ, màá sì fi awọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i." Àwẹ̀ró lọ, ó wí i gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, awọ àti gbogbo ẹ̀. Ìjà tó bẹ́ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á létí. "Ṣé bí mo ṣe wí i lo lọ wí i yẹn, ìwọ ọmọ yìí? Ewúrẹ́ ni mo fẹ́ kó so, ṣé mo ní mo fẹ́ jà ni? Ẹrú ló ń gbé ọ̀rọ̀ bí ẹni gbé ẹrù. Ọmọ a máa wo ohun tí ẹni tó rán an ń fẹ́, ìyẹn ni yóò gbé lọ."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni apẹ̀rẹ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yìn ín fún ohun tí ìyá rẹ̀ fà á létí sí.

Àwẹ̀ró bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni Olókè ń fẹ́? Ó ń fẹ́ kí ilé òun má bọ́ sójú ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó ń fẹ́ kí oòrùn ta sórí iṣu, kí ọmọ mìíràn má kú. Ṣé ohun méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà? Ó dìde, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó sì wọ inú ihò lọ.

Wọ́n jókòó ní ìlà mẹ́rin, orí wọn tẹ̀ ba, ìpẹtà ti bo èjìká wọn. Ó gbé ọ̀pá sókè. "Olókè kí yín."

Ogójì ojú méjìméjì tàn pupa lẹ́ẹ̀kan náà. "À ń gbọ́," ni wọ́n wí, ilẹ̀ sì mì.

Àwẹ̀ró ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ bo ẹnu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. O ò mọ ohun tí ọdún mẹ́rìnlélógún lè ṣe fún ọwọ́ èèyàn. Ó fi ọ̀pá há abíyá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọwọ́ òsì sílẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀.

"Olókè ní ilé òun ń mì. Ó ní kí ẹ lọ di okùn tó kù mú, kí ẹ fa ilé náà bọ̀ wálẹ̀. Kí ẹ rọra o, ọmọ wà nínú rẹ̀. Kí ẹ gbé e jókòó sórí àpáta ńlá, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Kí ẹ má fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, iṣẹ́ yín ti parí láyé. Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà ṣe Olókè, ìbáà ṣe ẹrú."

Èyí tó wà níwájú gbé orí sókè. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́," ni Àwẹ̀ró wí.

Irin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dìde.

Nígbà tí Abẹ́òjìji rí gìrìpá irin ogójì tó ń bọ̀, igbe ta. Àwọn ìyá gbé ọmọ, àwọn arúgbó wọlé. Ọdẹ́jìmí rí àbúrò rẹ̀ níwájú wọn, pẹ̀lú ọ̀pá tó ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. "Àwẹ̀ró! Ìwọ!" Kò dúró de ọ̀sán mọ́. Ó gbé àáké, ó ṣá okùn kìíní, ó já tàù. Ilé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókè bí abọ́ tó fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ariwo ọmọ sì dún láti inú rẹ̀. Ó yí sí okùn kejì. Àwẹ̀ró sáré, kò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì gbá okùn náà mọ́ra.

"Ẹ gé mi mọ́ ọn!" ó kígbe. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ óò bá gé e, ẹ gé mi mọ́ ọn!"

Àáké dúró lókè. Àwọn gìrìpá irin dé. Wọ́n kọjá lára Ọdẹ́jìmí bí ẹni pé igi ni, wọ́n pín ara wọn sí mẹ́rin, wọ́n di okùn mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ibí ni wàá ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni a máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Agbára irin pọ̀, ṣùgbọ́n irin kò mọ okùn. Wọ́n ń fà á ní gbígbẹ, wọ́n ń fà á jákujàku, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́nrán, èéfín ń rú lára èèkàn. Ọdẹ́jìmí dúró, àáké lọ́wọ́, ó ń wò. Ó fẹ́ kó já. Tọkàntọkàn ló fẹ́ kó já. Ọmọ náà tún ké lókè, ohùn tín-ín-rín, ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà, bí ọmọ kankan láyé ṣe máa ń ké. Ìgè kò ju ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó lọ.

Ó ju àáké nù. "Ẹ má fà á bẹ́ẹ̀!" ó kígbe. "Ta ló ń fa okùn bẹ́ẹ̀? Ẹ óò já a! Omi dà? Ẹ gbé omi wá, ẹ̀yin èèyàn, ẹ rin ín!"

Òun fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin tí àwọn alókùn fi ń fa okùn. Àwọn alókùn tó ti sá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹnì kan gbé ìkòkò omi wá. Ẹnì kan di ìdí okùn mú. Kò pẹ́, gbogbo Abẹ́òjìji ti wà nídìí rẹ̀, ẹran ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n ń gbe orin. Bí wọ́n bá ti fà á, wọ́n á sinmi. Bí wọ́n bá ti sinmi, wọ́n á tún fà á. Òjìji ilé ń rìn kúrò lórí oko díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi kúrò ní àtàrí, ilé Olókè jókòó sórí àpáta, wọ́n sì so ó mọ́ ọn. Àwọn gìrìpá irin jókòó yí i ká, iná ojú wọn sì kú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Adétutù ló kọ́kọ́ jáde. Kò wo ilẹ̀, kò wo èèyàn, ó fò sọ́rùn Àwẹ̀ró, ó sì di etí rẹ̀ mú. Àwọn ọmọ tó ń sìn lókè jáde tẹ̀ lé e, àwọn ìyá wọn ń pe orúkọ wọn láàárín èrò. Adégòróyè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ó pàṣẹ fún àwọn irin. Wọn kò mira. Ó wo Àwẹ̀ró.

"Ṣé ohun tí mo wí nìyẹn?"

"Rárá, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí ilé yín má bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò sì bá a lọ."

Ọdẹ́jìmí rìn dé iwájú rẹ̀. Àdá wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú, ebi sì wà nínú wọn. Ọdẹ́jìmí wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Sọ̀kalẹ̀," ó wí. "Ilẹ̀ kì í pa èèyàn. Ebi ló ń pa èèyàn." Olókè gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó di ojú. Nígbà tó rí i pé òun kò kú, ó gbé èkejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Olókè ní Abẹ́òjìji mọ́. Wọ́n fún Adégòróyè ní ebè tirẹ̀ bí wọ́n ṣe fún gbogbo èèyàn, wọ́n ní kò mọ ọkọ́ lò rárá, àfi ìgbà tó yá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọdẹ́jìmí kò fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá jókòó tì í níbi tó ti ń fẹ́ ẹ̀kọ fún Adétutù. Ó wo ọmọ náà.

"Olókè rán ọ níṣẹ́ ẹrú," ó wí. "Mo rò pé tèmi yàtọ̀, nítorí pé èmi kì í ṣe Olókè. Iṣẹ́ ẹrú ni tèmi náà."

"Ẹ̀dùn ọkàn ló rán yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"O jẹ́ méjèèjì. O sì fi tọmọ jẹ́ wọn." Ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti ìgbà ọyẹ́ bá tú jáde. Àwẹ̀ró gbé abọ́ sílẹ̀, ó gbá orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n sì jọ sunkún Ìgè dáadáa. Adétutù kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìgè, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kékeré pa ẹ̀yìn Ọdẹ́jìmí, ọkùnrin náà kò sì ti ọwọ́ náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ tí Ọdẹ́jìmí sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn ará Abẹ́òjìji gbọ́ tí wọ́n ń sọ títí ó fi di òwe: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí inú bá bí ẹnì kan tó sì fi ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́, kí ìránṣẹ́ lè mọ̀ pé òun ní làákàyè, kó fi ọgbọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kó tó dé etí ẹni tí wọ́n rán an sí. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ burúkú lọ láìyọ láìfikún, tó dá ìjà sílẹ̀, tó wá ń wí pé bí wọ́n ṣe rán òun ni òun ṣe jẹ́ ẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú iṣẹ́ tó jẹ́.